Eyín Kẹfà àti Àtẹ́lẹsẹ̀: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Erin Àgbà Nínú Ọgbà

Ohun méjì ló sábà ń pa erin tó darúgbó sínú ọgbà ẹranko: eyín tó tán lẹ́nu, àti ẹsẹ̀ tó bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń bá erin lọ̀ oúnjẹ tí eyín rẹ̀ kò lè jẹ mọ́, tó sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú àtẹ́lẹsẹ̀, lè fi ọdún kún ọdún rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ẹranko la kọ èyí fún, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko àti ti ẹranko ìgbẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ojú ọjọ́ Ìbàdàn àti ọjà Bódìjà la fi ṣe ìwọ̀n, torí ìwé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ òtútù kò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án bá sọ ilé erin di ẹrọ̀fọ̀.

Ọdún mélòó ni erin ń lò?

Nínú igbó, erin lè lo 60 ọdún, àwọn mìíràn a sì lé e. Tinú ọgbà yàtọ̀. Ní 2008, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science gbé ìwádìí kan jáde tó fi abo erin Áfíríkà tí wọ́n bí sínú ọgbà ẹranko ní Yúróòpù wé àwọn ti inú igbó Amboseli ní Kẹ́ńyà. Ìdajì àwọn ti ọgbà ti kú kí wọ́n tó pé ọdún 17. Ti Amboseli, bí a bá yọ àwọn tí èèyàn pa kúrò, ìdajì wọn kọjá ọdún 56. Ṣùgbọ́n ọgbà nìkan kọ́ ló ń pa erin. Lin Wang, akọ erin Éṣíà kan ní ọgbà ẹranko Taipei, kú ní 2003 ní ẹni ọdún 86. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Ẹ má dúró dìgbà tí erin bá rù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àgbà. Láti ọdún 40 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà lẹ́nu erin fúnra rẹ̀.

Eyín: mẹ́fà ni, kò sí ìkeje

Ẹ gbàgbé eyín gígùn méjì tó yọ síta. Ìyẹn kì í lọ oúnjẹ. Eyín inú là ń sọ. Ní ìhà kọ̀ọ̀kan àgbọ̀n, òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni erin ń hu eyín láyé rẹ̀. Tiwa ń yọ láti inú erìgì bọ̀ sókè; ti erin ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, bí èyí tó wà níwájú ṣe ń jẹ tán ni tẹ̀yìn ń tì í jáde. Àkọ́kọ́ a bọ́ ní ọdún 2 sí 3, èkejì ní 4 sí 6, ẹ̀kẹta ní 9 sí 15, ẹ̀kẹrin ní 18 sí 28, ìkarùn-ún lẹ́yìn 40 díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹfà tó kù, tí ọ̀kan rẹ̀ kò kéré sí odidi búrẹ́dì, ni erin máa fi jẹun dọjọ́ ikú. Bí ìyẹn bá jẹ tán pẹlẹbẹ, erin lè dúró sáàárín koríko kí ebi sì pa á kú.

Ẹ kọ́ erin láti la ẹnu láti ẹ̀yìn irin. Ọ̀pá kan tí wọ́n fi aṣọ wé lórí ni kí ẹ fi tọ́ ọ sọ́nà: bó bá gbé ọwọ́jà sókè tó sì la ẹnu, ẹ fún un ní ẹ̀là ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ tó. Ẹ má wọlé tọ erin àgbà lọ nítorí pé ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Erin tí nǹkan ń dùn lè ju orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí èèyàn ti lọ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu rẹ̀ kí ẹ sì ya fọ́tò. Ohun tí ẹ ń wá ni eyín tó jẹ ní ìhà kan ju ìkejì lọ, èyí tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀fọ́kù tó há sí erìgì, tàbí koríko tó dì pọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń rùn.

Àmì tó máa ń ṣáájú ìyẹn wà nílẹ̀. Ẹ wá ìṣù koríko tútù tí erin jẹ tì tó sì tu jáde, tó dà bí kàn-ìn-kàn-ìn tí wọ́n fún omi rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, eyín ń dà á láàmú.

Ìgbẹ́ ni ìwé ìtàn oúnjẹ

Erin kì í lò tó ìdajì ohun tó jẹ. Ìyókù ń jáde. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ mú ìṣù ìgbẹ́ mẹ́ta, ẹ tú wọn sínú asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ iyanrìn, ẹ da omi lé e títí omi á fi mọ́. Ẹ tẹ́ fọ́nrán tó kù sórí pákó kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n ún. Erin tí eyín rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń gé koríko sí wẹ́wẹ́. Bí fọ́nrán tó gùn ju ìka àárín yín lọ bá ti ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù, tàbí tí ẹ rí odidi ewé àti hóró àgbàdo tí kò fọ́, oúnjẹ ń gba inú rẹ̀ kọjá láìṣe é láǹfààní. Èyí máa ń hàn ṣáájú kí egungun ẹ̀yìn tó yọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Ẹ fi téèpù yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú lóṣooṣù, ní òwúrọ̀, kó tó jẹun. Kò ní sọ kílò rẹ̀ fún yín gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kì í parọ́ bó bá ń dín kù.

Oúnjẹ: ẹ lọ̀ ọ́ fún un

Ìṣirò ló ṣáájú. Ohun tí erin ń jẹ lójúmọ́, bí a bá yọ omi kúrò, jẹ́ nǹkan bí ìdá 1 sí 1.5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Abo tó wọn kílò 3,000 nílò kílò 30 sí 45. Koríko eèsún tútù, nínú kílò 5, kílò 1 péré ni oúnjẹ, ìyókù omi ni. Nítorí náà kílò 150 sí 225 eèsún tútù ni iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọlanke kan láràárọ̀ kò tó, bó ti wù kó kún tó.

Ẹ gé eèsún nígbà tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ. Èyí tó bá ti ga ju orí èèyàn lọ ti di igi. Erin ọmọ 20 ọdún lè jẹ ẹ́, ti 50 kò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kó gba inú ẹ̀rọ tó ń gé koríko kọjá, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Ẹ má lọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú. Ìfun ńlá erin fẹ́ fọ́nrán. Bí kò bá rí i, inú á máa run ún, ìgbẹ́ á sì di omi.

Bí fọ́nrán inú ìgbẹ́ bá ti ń gùn, ẹ fi oúnjẹ rírọ̀ kún un. Ìwọ̀n ìjẹ kan rèé fún erin kílò 3,000, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́:

– èèrí àlìkámà, èyí tí àwọn olóúnjẹ adìyẹ ní Bódìjà ń pè ní wheat offal, kílò 4
– koríko gbígbẹ tí a lọ̀, kílò 2
– ẹ̀wà sóyà tí a yan kí a tó lọ̀ ọ́, gíráàmù 500
– limestone lílọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ, gíráàmù 100
– iyọ̀, gíráàmù 30
– omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, lítà 15

Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí kan. Tí ẹ bá fọwọ́ bù ú, kó rọ̀ bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, kí omi má sì dá dúró lórí rẹ̀. Èèrí gbígbẹ máa ń wú nínú ọ̀nà ọ̀fun, ó sì lè há síbẹ̀. Limestone yẹn kì í ṣe àṣekún: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú èèrí pọ̀, kálísíọ̀mù rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹranko tó bá ń jẹ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ á máa yọ kálísíọ̀mù láti inú egungun ara rẹ̀. Sóyà tútù ń dí ara lọ́wọ́ láti lo amúaradàgbà, ìdí nìyẹn tí a fi ń yan án. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ìjẹ kan lójúmọ́, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pé mẹ́ta. Ẹni tó bá dà á fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú rírun ló ń wá. Ìyókù oúnjẹ ọjọ́ náà kó jẹ́ koríko gígé.

Àwọn nǹkan tó ń tan èèyàn jẹ: igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dùn mọ́ erin, ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán, ẹ fi ṣe ìpanu. Imọ̀ ọ̀pẹ ní fọ́nrán gígùn tó lè dí ìfun erin tí kò ní eyín. Kúlíkúlí àti àgbàdo tó hu funfun tàbí tó ń rùn bí ògiri tútù, ẹ má wulẹ̀ sọ pé erin tóbi. Májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀gẹ́ tútù àti ewé rẹ̀ ní sáyánáìdì. Ẹ má sì fi ewúrẹ́ ṣe òdiwọ̀n: ewé igi agúnmániyè àti ti igi leucaena tí ewúrẹ́ ń jẹ gbé kò bá ẹṣin lára mu, ìfun erin sì sún mọ́ ti ẹṣin ju ti ewúrẹ́ lọ.

Omi: lítà 100 sí 200 lójúmọ́, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru oṣù kejì àti ìkẹta. Ẹ fi dúrọ́ọ̀mù wọ̀n ọ́n dípò kí ẹ ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ iye tó mu. Kí táǹkì tó kún fún ọjọ́ mẹ́ta wà nílẹ̀, torí iná máa lọ, kànga ẹ̀rọ kì í sì í fa omi láìsí iná.

Ẹsẹ̀

Ẹsẹ̀ iwájú ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n erin, ibẹ̀ ni àìsàn sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Nínú igbó, erin ń rìn jìnnà, ilẹ̀ ń há àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú ọgbà, ó dúró lójú kan, àtẹ́lẹsẹ̀ ń nípọn, ó ń ya, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń wọ inú ìyàyà náà, ọyún a gbà á. Bí ọyún bá dé egungun ìka, ẹ̀pa ò fẹ́rẹ̀ẹ́ bóró mọ́.

Lójoojúmọ́, láti ẹ̀yìn irin:

1. Ẹ jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí igi tó lágbára. Fún erin tó ní làkúrègbé, ẹ jẹ́ kí àpótí náà rẹlẹ̀, kó má ju orúnkún èèyàn lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fipá mú un dúró lórí mẹ́ta.
2. Ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, ẹ yọ òkúta àti ẹrọ̀fọ̀ láàárín èékánná. Ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ.
3. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé orí èékánná kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbóná ju àwọn yòókù lọ, ẹ sàmì sí i.
4. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ń rùn bí ilẹ̀. Èyí tó ń rùn bí ẹran tó bàjẹ́ ní ọyún, kódà bí ẹ kò bá rí ihò.
5. Ẹ wo awọ tó bo ìdí èékánná. Bó bá gùn tó sì ya, ìdọ̀tí ń wọ abẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra, ẹni tí dókítà ẹranko ti kọ́ ni kó gé àtẹ́lẹsẹ̀ àti èékánná rẹ̀. Ọ̀bẹ pátákò ẹṣin tó mú àti fáìlì ńlá ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ máa bó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń bó iṣu tó tútù. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ dúró: ẹran ara ló kàn. Kí àlàfo tó gba ìka kan wà láàárín èékánná méjì, kí wọ́n má bàa máa ta ko ara wọn títí tí wọ́n á fi ya. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n pa ẹsẹ̀ tì fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n wá gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àtẹ́lẹsẹ̀ á tín-ín-rín, òkúta kékeré á sì dá egbò sí i.

Fún ẹsẹ̀ tó ní ọyún: iyọ̀ Epsom (kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀) gíráàmù 250 nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 10, kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi povidone-iodine, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ egbò, tí ẹ ti bu omi là títí tó fi dà bí tíì tí kò ní mílíìkì fọ ihò náà. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má da óílì ẹńjìnnì sí i, ẹ má sì dí ihò náà pa: ọyún gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Bí kò bá sàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tí erin bá ń tiro, fọ́tò X-ray ló kù. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń gbẹ àti etí etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi sáàárín èékánná.

Ilẹ̀ tó ń sùn lé

Kò sí oògùn tó lè borí ilẹ̀ kọnkéré. Bí owó kan ṣoṣo bá wà, kí ẹ ná an sórí iyanrìn. Iyanrìn odò ni, kì í ṣe eruku òkúta ilé ìfọ́kúta tó ń gún. Kó jìn tó mítà kan. Yàrá mítà 10 ní 10 máa gba nǹkan bí tọ́ọ̀nù 160, ìyẹn típà oní-tọ́ọ̀nù 20 mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dagun díẹ̀ sí ìhà kan kí omi lè ṣàn lọ. Láràárọ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì kó ibi tí ìtọ̀ ti rin. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ yí gbogbo rẹ̀ po.

Ní igun kan, ẹ kó iyanrìn jọ bí òkìtì, kó ga tó mítà 1.5 sí 2, kó sì dagun. Erin àgbà kì í fẹ́ dùbúlẹ̀ torí pé dídìde ló nira fún un. Bó bá ní òkìtì tó lè fara tì, ààbọ̀ iṣẹ́ dídìde ti tán. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó sùn? Ẹ wo ìhà rẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Erin tó dùbúlẹ̀ máa ní iyanrìn lẹ́rẹ̀kẹ́, léjìká àti ní ìbàdí ìhà kan. Bó bá di òru mẹ́ta tí ìhà méjèèjì mọ́ kedere, oríkèé ń dùn ún, ẹ pe dókítà. Erin tí kì í dùbúlẹ̀ á máa tòògbé lórí ìdúró títí tó fi máa ṣubú.

Oògùn ìrora wà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ti èèyàn tàbí ti ẹṣin kí ẹ wá fi ìwọ̀n ara sọ ọ́ di púpọ̀. Ara ńlá kì í lo oògùn bí ara kékeré. Àpọ̀jù á dá egbò sínú ìfun, á sì ba kíndìnrín jẹ́. Ìrìn ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lórí ilẹ̀ rírọ̀, àti adágún tí ẹnu rẹ̀ dagun pẹ̀lẹ́ tó lè wọ̀, ń ran oríkèé lọ́wọ́ gan-an.

Ikọ́ ife

Erin ń kó ikọ́ ife, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní TB, láti ara èèyàn. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń sún mọ́ ọn gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún, ẹni tó bá sì ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí èsì á fi jáde. Ìtọ́jú ikọ́ ife ò gba owó ní ilé ìwòsàn ìjọba, nítorí náà kò sí àwáwí. Àyẹ̀wò ti erin: ẹ da omi saline, omi oníyọ̀ ti ilé ìwòsàn, mílílítà 60 sí ihò ọwọ́jà kan, ẹ jẹ́ kó gbé e sókè díẹ̀, kó wá fẹ́ ẹ sínú ọ̀rá tó mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ẹ mọ ìwọ̀n tirẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá: ìgbóná ara 36 sí 37 lórí òdiwọ̀n Celsius, tí ẹ lè fi tẹmọ́mítà wọ̀n láàárín ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọkàn 25 sí 35 níṣẹ̀ẹ́jú kan, èémí 4 sí 12. Bí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, ẹ má pààrọ̀ àyè oúnjẹ àti omi, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bó bá ṣubú tí kò lè dìde

Ẹ ti múra sílẹ̀ ṣáájú: nọ́ńbà ẹni tó ní kréènì, bẹ́líìtì fífẹ̀, àti géètì tó fẹ̀ tó mítà 4. Géètì yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, kréènì á dé, kò ní rọ́nà wọlé.

Bó bá fi àyà lélẹ̀, ẹ tì í kó fi ìhà dùbúlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró erin lẹ̀ mọ́ ògiri àyà, àyà yẹn gbọ́dọ̀ ráyè gbòòrò kó tó lè mí. Ẹ rí i pé ẹnu ọwọ́jà kò sí nínú iyanrìn tàbí omi. Ẹ ta nǹkan bò ó lórí kí oòrùn má pa á, ẹ da omi sí etí rẹ̀. Ẹ má so okùn tàbí ṣéènì mọ́ ọrùn tàbí ikùn rẹ̀. Bẹ́líìtì kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, òmíràn níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí wọ́n sì gbé e díẹ̀díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀, torí ìwọ̀n ara rẹ̀ ń tẹ iṣan tó wà nísàlẹ̀ pa. Ó lè dìde kó tún kú lọ́jọ́ kẹta.

Ìgbẹ̀yìn

Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí ìwé àkọsílẹ̀ bá fi hàn pé kò dùbúlẹ̀ mọ́, kò jẹ oúnjẹ rírọ̀ tán, kò rìn dé ibi omi, kò sì dá àwọn tó mọ̀ lóhùn, tí ọjọ́ burúkú wá pọ̀ ju ọjọ́ rere lọ láàárín oṣù kan, ẹ jókòó pẹ̀lú dókítà kí ẹ sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí erin tí wọ́n jọ ń gbé wá wo òkú náà kí ẹ tó gbé e.

Ọjọ́ tí erin bá kú, oríṣiríṣi ọ̀bẹ là á rí, ẹ̀yin náà sì máa rí i lẹ́nu géètì. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé nínú ẹran náà: oògùn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn tó wà nínú rẹ̀ ń pa ajá àti igún, yóò ṣe èèyàn náà ní jàǹbá. Kí katapílà ti gbẹ́ kòtò tó jìn tó mítà 3 sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, jìnnà sí kànga. Eyín gígùn méjèèjì kì í ṣe ọjà. Ẹ kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀ kí ẹ sì fi tó ìjọba létí. Ohun kan ṣoṣo tí dókítà máa gé pamọ́ ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ẹ sè é, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ẹnu tí ẹ ti ń yà lóṣooṣù, kí ẹni tó máa tọ́jú erin tó kù lè fojú ara rẹ̀ rí bí eyín kẹfà ṣe ń tán.